Bí A Ṣe Ń Bọ́ Nínú Ìdánwò "Ṣé Ọkùnrin Ni Ọ́?" Láàárín Àwọn Ará Dominican

Ẹni tó bá fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní Santo Domingo tàbí ní Santiago ní orílẹ̀-èdè Dominican Republic ní Caribbean, tàbí tó fẹ́ fi ọmọ Dominican ṣe aya, tàbí tó ń gbé ní Bronx ní New York, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá àti àwọn Dominican ti jọ ń lo àtẹ̀gùn ilé kan náà, kò ní pẹ́ kó tó bá ìdánwò kan pàdé tí ẹnikẹ́ni kì í kéde rẹ̀. Wọn kì í fún èèyàn ní ìwé ẹ̀rí lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé ẹni tó yege lálẹ́ àná ni wọn yóò tún dán wò lálẹ́ òní. Ohun tí wọ́n ń béèrè níbẹ̀ ni pé, ṣé ọkùnrin ni ọ́? Ìṣakọ yìí, tí wọ́n ń pè ní machismo ní èdè Sípáníìṣì, wà nínú eré dómínò, ó wà nínú ọtí, ó wà nínú bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ, ó sì wà nínú ọ̀rọ̀ owó láàárín tọkọtaya.

Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ọkùnrin tí wọn yóò dán wò, fún obìnrin tó ń bá irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ gbé, àti fún òbí tó ń tọ́ ọmọkùnrin láàárín wọn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ni pé ojú àwọn ọkùnrin yòókù ni ìdánwò yìí ti ń wáyé. Nítorí náà, ojú wọn náà ni a ti gbọ́dọ̀ dáhùn rẹ̀, òṣùwọ̀n tí àwọn fúnra wọn ti ń lò tẹ́lẹ̀ ni a sì gbọ́dọ̀ fi dáhùn. Ìwàásù àlejò kì í tà níbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ọkùnrin méjì tí wọ́n ń yìn. Èkíní ni tíguere: ọmọ ìta tí ojú rẹ̀ là, tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ́ bọ́ nínú wàhálà, tó ń múra, tó mọ ijó jó, tí ẹnu rẹ̀ dùn létí obìnrin, tí owó kì í sì í wọ́n lápò rẹ̀ bí kò tilẹ̀ níṣẹ́ lọ́wọ́. Orúkọ yìí jẹ́ ìyìn, ó sì tún jẹ́ ìkìlọ̀. Bàbá kan náà tó ń fi ẹ̀rín pe ọmọkùnrin rẹ̀ ní tíguere ni yóò sọ fún ọmọbìnrin rẹ̀ pé òun kò gbọ́dọ̀ rí tíguere kankan lẹ́nu ọ̀nà òun. Èkejì ni hombre serio, ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀, tó ń san gbèsè lásìkò, tó ń gbọ́ bùkátà ilé rẹ̀, tí kì í sì í pariwo ara rẹ̀ kiri. Lábẹ́ àwọn méjèèjì ni pariguayo wà, sùẹ̀gbẹ̀ tó fẹ̀yìn ti ògiri nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jó, àti palomo, ojo tí gbogbo ayé ń rẹ́ jẹ.

Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ àlejò ń ṣe ni pé wọ́n rò pé bí àwọn kò bá ti ṣe bíi tíguere, pariguayo ni wọn yóò pe àwọn, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nnu nípa obìnrin tí wọn kò ní, tí wọ́n sì ń mu ọtí tí ara wọn kò gbà. Ọ̀nà kẹta, ti hombre serio, ti wà nílẹ̀ tipẹ́, àwọn ará ilẹ̀ náà ló là á, kò sì sí ẹni tó lè fi ẹni tó ń rìn lórí rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pẹ́. Ẹ lọ wo ilé ìjà àkùkọ tí wọ́n ń pè ní gallera bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọ̀nà náà ti níyì tó. (Èmi kò fẹ́ràn kí ẹyẹ máa ya ara wọn pẹ́rẹpẹ̀rẹ, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn.) Ìjókòó yí agbo ká, àkùkọ méjì wà láàárín, àwọn ọkùnrin ń nawọ́ síra wọn láti òdìkejì agbo, wọ́n ń kígbe iye owó tí oníkálukú fẹ́ fi ta tẹ́tẹ́. Kò sí ìwé àdéhùn, kò sí akọ̀wé. Bí ìjà bá ti parí, ẹni tó pàdánù a dìde fúnra rẹ̀, a rìn lọ bá ẹni tó jẹ ẹ́, a sì ka owó náà lé e lọ́wọ́. Ẹni tó bá sá lọ láìsan án kò tún ní lè gbójú sókè níbẹ̀ mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló lágbára jù, tí obìnrin rẹ̀ sì pọ̀ jù ní àdúgbò.

Ibi tí àlejò ti lè gba orúkọ serio yẹn ni colmado, ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà ní igun àdúgbò gbogbo, tí wọ́n ti ń ta ìrẹsì, epo, ọṣẹ àti bíà. Wọ́n máa ń tàwìn níbẹ̀, fiao ni wọ́n ń pè é, oníṣọ́ọ̀bù a sì máa kọ orúkọ àwọn onígbèsè sínú ìwé tó wà lábẹ́ káńtà. Bí ẹ bá gba nǹkan láwìn, ẹ san án kó tó di ọjọ́ tí ẹ dá. Ẹ má ṣe ìlérí tí ẹ kò ní lè mú ṣẹ, kódà bó jẹ́ ìlérí kékeré bíi pé ẹ ń bọ̀ wá báni gbé ẹrù. Ẹ fi don àti doña ṣáájú orúkọ àgbàlagbà, kí ẹ sì lo usted, èyí tó dà bíi "ẹ" tiwa, fún ẹni tó bá jù yín lọ. Kò ní gba àkókò púpọ̀ kí oníṣọ́ọ̀bù tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn ẹlòmíràn pé èèyàn serio ni yín, ẹnu oníṣọ́ọ̀bù sì ń rìn jìnnà ju ẹnu àlùfáà lọ ní àdúgbò bẹ́ẹ̀.

Iwájú colmado kan náà ni ìdánwò yẹn ti ń gbóná jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a dúró síbẹ̀ díẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọn a gbé àga oníke síta, wọn a gbé tábìlì dómínò kalẹ̀, ẹ̀rọ orin a sì máa dún débi pé èèyàn gbọ́dọ̀ pariwo kí ẹnìkejì tó gbọ́. Wọn a gbé ìgò bíà Presidente ńlá kan jáde, èyí tí òtútù ti mú kí yìnyín bò ó funfun, tí wọ́n máa ń sọ pé ó wọ aṣọ ìyàwó, gbogbo wọn a sì máa bu mu nínú rẹ̀ pẹ̀lú ife ike kéékèèké. Ẹni tó fẹ́ lu òkúta dómínò mọ́ tábìlì a gbé ọwọ́ sókè, a fi gbogbo agbára lù ú, pàá! Láàárín ariwo yìí ni ẹnì kan yóò kàn béèrè láìwo ojú yín pé, "Ìwọ, obìnrin mélòó lo ní?"

Cuerda ni wọ́n ń pe irú ìyọlẹ́nu yìí, ohun tí wọ́n sì ń wò ni bóyá ẹ ó bínú. Ẹni tó bínú ti fìdí rẹmi, ẹni tó ṣàlàyé gùn náà ti fìdí rẹmi. Ìdáhùn kúkúrú tó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín ni kí ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ sì ta òkúta tó kàn yín. "Ọ̀kan ṣoṣo ni, òun náà sì ti ju agbára mi lọ." Bí wọ́n bá béèrè ẹni tó ń pàṣẹ nílé yín, ẹ lè sọ pé ẹ̀yin ni, àti pé ìyàwó yín ti fún yín láyè láti sọ bẹ́ẹ̀. Àwàdà àtijọ́ ni, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn gan-an tó fi ń ṣiṣẹ́: ó fi hàn pé ẹ mọ eré náà, ẹ sì mọ ibi tí ẹ fẹ́ dúró sí nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọn yóò wá ẹlòmíràn yọ lẹ́nu.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò gbọdọ̀ tẹnu yín jáde ní irú ìjókòó bẹ́ẹ̀. Ẹ má parọ́ obìnrin, nítorí pé ìbátan ìyàwó yín kan yóò gbọ́ ọ, irọ́ tó fún yín níyì lálẹ́ ọjọ́ Sátidé yóò sì di ẹjọ́ nílé lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ má béèrè bí ìyàwó ẹlòmíràn ti ń ṣe lọ́nà tó lè mú ìfura wá. Ẹ má fi ìyá ẹnikẹ́ni ṣeré. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má fi ìwo dá àpárá, nítorí pé ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ń yan àlè ni wọ́n ń sọ pé ó ru ìwo, mo sì gbà pé kò sí èébú mìíràn tó tètè ń fa ìjà bíi rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ bá obìnrin jó, ẹ kọ́kọ́ yíjú sí ọkùnrin tó bá a wá, kí ẹ sì fi ọ̀wọ̀ béèrè.

Ní ti ọtí, ẹni tó bá ra ìgò kan fún gbogbo tábìlì lè mu ìdajì ife títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ẹnikẹ́ni kò ní bi í. Ẹni tí kò fẹ́ mu rárá lè sọ pé òun ń lo oògùn tí dókítà kọ fún òun. Wọn yóò tún gbé mamajuana wá, ọtí rọ́ọ̀mù, wáìnì pupa àti oyin tí wọ́n rẹ èèpo igi àti ewé sínú rẹ̀, tí wọ́n ń sọ pé ó ń ran ọkùnrin lọ́wọ́ lórí ibùsùn. Ẹ tọ́ ọ wò, ẹ yìn ín, ẹ gbé ife kalẹ̀. Kì í ṣe inú ife yẹn ni wọ́n ti ń dájọ́ ọkùnrin, bó ti wù kí wọ́n pariwo tó. Ṣùgbọ́n bí àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó ha ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà tó gba iwájú ẹni, ẹ tọrọ àforíjì, ẹ lo usted, kí ẹ sì kúrò níbẹ̀. Ìbọn wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, òkú ọkùnrin kì í sì í ṣakọ.

Kí á má rò pé inú ẹ̀jẹ̀ wọn ni ìwà yìí wà, ìtàn ló bù sí i. Láàárín 1916 sí 1924 tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi gba orílẹ̀-èdè náà, wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun ilẹ̀ náà sílẹ̀ lọ́tun, inú rẹ̀ ni ọ̀dọ́kùnrin kan láti San Cristóbal, Rafael Trujillo, ti gòkè. Ó gbàjọba ní 1930, ó sì jẹ gàba lé wọn lórí títí wọ́n fi yìnbọn pa á ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún 1961. Ó fi orúkọ ara rẹ̀ pe olú-ìlú, ó fi oyè àti aṣọ ológun bora, kò sì sí bàbá tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ bí ojú Trujillo bá ti bà lé ọmọbìnrin rẹ̀. Porfirio Rubirosa, tó fẹ́ ọmọ Trujillo ní 1932, tó sì tún gbé obìnrin mẹ́rin mìíràn níyàwó lẹ́yìn rẹ̀, di ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn dé Paris nítorí obìnrin, póló àti ọkọ̀ eré ìje. Ọ̀pọ̀ ọmọ àdúgbò ló wo irú àwọn ọkùnrin wọ̀nyí, tó sì rí i pé ẹni tó bá ń gbà láìtọrọ ni ayé ń pè ní ọkùnrin.

Ilẹ̀ kan náà ló bí àwọn Mirabal. Minerva kọ ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ Trujillo níbi àríyá kan ní 1949, wọ́n sì ti bàbá rẹ̀ mọ́lé. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá 1960 ni wọ́n pa òun àti àwọn arábìnrin rẹ̀ méjì, Patria àti María Teresa, ọjọ́ yẹn sì ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yàn ní 1999 gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí gbogbo ayé ń gbógun ti ìwà ipá sí obìnrin. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé àwọn òyìnbó ló mú ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ obìnrin wá, orúkọ àwọn mẹ́ta yìí ni kí ẹ dá a lóhùn. Kò sí Dominican tí kò mọ̀ wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin ló ṣòro jù, nítorí pé àwọn tó fẹ́ràn ọmọ náà ló ń di ẹrù yìí lé e lórí. Ọmọ ọdún márùn-ún ni àbúrò bàbá rẹ̀ yóò bi pé ọ̀rẹ́bìnrin mélòó ló ní, gbogbo ilé yóò sì bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ìyá fúnra wọn ló máa ń sọ pé, "Ẹ so àgbébọ̀ yín mọ́lẹ̀ o, àkùkọ tèmi ń jẹ̀ káàkiri." Ẹ má ṣe bá àbúrò bàbá náà wí lójú agbo, nítorí pé yóò tún un ṣe láti fi hàn pé ẹ kò lè dá òun lẹ́kun. Ẹ gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ọmọ, kí ẹ sì fi ìyìn mìíràn rọ́pò rẹ̀: "Èyí kò ráàyè ọ̀rẹ́bìnrin o, òun ló bá bàbá rẹ̀ kun ilé lánàá." Ẹ tún un sọ títí tí ọmọ náà yóò fi mọ̀ pé ohun mìíràn wà tí wọ́n lè fi pe òun ní ọkùnrin.

Wọ́n tún máa ń sọ pé ìta ni ti ọkùnrin, ilé ni ti obìnrin, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lé ọmọkùnrin sí òpópónà nígbà tí àbúrò rẹ̀ obìnrin ń fọ abọ́. Ìyá àgbà lè fárígá bó bá rí ọmọkùnrin nídìí ààrò. Ìdáhùn tó máa ń pa ẹnu rẹ̀ mọ́ ni pé, "Bó bá dé New York, ta ni yóò máa sè fún un?" Gbogbo ìdílé ló ní ẹni tó ti lọ, kò sì sí ìyá àgbà tó fẹ́ kí ebi pa ọmọ ọmọ òun lókè òkun. Bẹ́ẹ̀ náà ni bọ́ọ̀lù baseball. Láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti lè gba ọmọ wọlé, ọ̀pọ̀ ọmọ sì ń fi ilé ìwé sílẹ̀ kí ọjọ́ orí wọn tó pé bẹ́ẹ̀, nítorí pé wọ́n ti gbé bùkátà gbogbo ẹbí lé èjìká wọn. Bí ọmọ yín bá mọ̀ ọ́n gbá, ẹ jẹ́ kó gbá a, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó gbọ́ lẹ́nu yín pé òun ni yóò kọ́lé fún ẹbí.

Owó máa ń tú àṣírí ìṣakọ. Láti bí ọdún 1980 síwájú ni iṣẹ́ ìrèké ti ń lọ sílẹ̀, tí àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ rírán tó wà ní zona franca, àgbègbè tí ìjọba ti yọ̀ǹda owó orí fún ilé iṣẹ́, sì ń gba obìnrin síṣẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn obìnrin láti Vicente Noble, ìlú kékeré kan ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn, kó lọ sí Madrid lọ ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀, ọkọ wọn sì dúró nílé, wọ́n ń retí owó tí ìyàwó yóò fi ránṣẹ́. Ọkùnrin tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré pé ẹni tó ń bọ́ ilé ló ń jẹ́ ọkùnrin kò mọ ibi tí yóò fi ojú sí, òmíràn a sì fi ọtí àti obìnrin mìíràn wá iyì tó sọ nù kiri. Ìyàwó tó ń mú owó wálé ju ọkọ lọ kò gbọdọ̀ dárúkọ iye rẹ̀ lójú àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò yẹ kó fi í pa mọ́ fún ọkọ fúnra rẹ̀, nítorí pé owó tí a ń fi pa mọ́ ń di ìfura lọ́jọ́ tó bá hàn. Kí tọkọtaya pín bùkátà ní gbangba: kí iṣẹ́ ilé kíkọ́, tàbí owó ilé ìwé, tàbí ìtọ́jú ìyá àgbà jẹ́ ohun tí gbogbo ẹbí mọ̀ pé ọkọ ló wà nídìí rẹ̀. Owó rẹ̀ lè kéré, kó sì jẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń rí níbẹ̀.

Bí ọkùnrin bá ń rì, tí ìyàwó ti fi í sílẹ̀ tàbí tí iṣẹ́ ti bọ́, kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé ọkùnrin kì í sunkún. Yóò kàn jókòó ti bachata. Orin yìí, tí UNESCO fi kún àwọn ogún àṣà aráyé ní 2019, ni wọ́n ti ń pè ní orin ìbànújẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, inú rẹ̀ nìkan sì ni ọkùnrin Dominican ti lè sunkún ní gbangba láìsí ẹni tó máa bú u. Ẹ jókòó tì í, ẹ jẹ́ kí orin náà dún, ẹ má béèrè nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ a máa jáde fúnra rẹ̀ láàárín orin méjì. Bí kò bá sì jáde, ẹ lọ bá compadre rẹ̀, ọkùnrin tó jẹ́ bàbá ìsàmì fún ọmọ rẹ̀. Ọ̀wọ̀ tó wà láàárín compadre méjì kò fàyè gba cuerda, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń pe ara wọn ní usted bí wọ́n tilẹ̀ jọ dàgbà ni. Ohun tó jẹ́ pé bí ọ̀rẹ́ bá sọ ọ́ yóò di yẹ̀yẹ́, compadre lè sọ ọ́ kó sì wọ̀ ọ́ létí.

Ìjọ ajíhìnrere jẹ́ ọ̀nà àbáyọ mìíràn. Ẹni tó bá sọ pé Kristẹni ni òun, tí wọ́n sì rí i pé lóòótọ́ ni, wọn kì í fi ọtí lọ̀ ọ́ mọ́, wọn kì í sì í bi í léèrè obìnrin. Ẹ má fi èyí parọ́ o, nítorí pé wọ́n ń ṣọ́ ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ibi tí kò sí àwàdà mọ́ ni ibi tí owú ti di lílu ìyàwó. Ọkùnrin tó ń yẹ fóònù ìyàwó wò, tó ń ka wákàtí tó fi jáde, tó ń sọ pé bí kò bá jẹ́ tòun kò ní jẹ́ ti ẹnikẹ́ni, ó ti kọjá ẹni tí compadre lè dá nìkan bá sọ̀rọ̀. Ní Dominican Republic, Òfin 24-97 ti ọdún 1997 sọ ìwà ipá nínú ilé di ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n. Obìnrin tó wà nínú irú ewu bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ lè pe 911, tàbí *212 tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ ìjọba fún ọ̀rọ̀ obìnrin. Kó má ṣe kéde fún ọkùnrin náà pé òun fẹ́ lọ, nítorí pé àsìkò tí obìnrin ń lọ ni ewu ń pọ̀ jù. Kó kọ́kọ́ kó ìwé ìrìnnà, ìwé ọmọ àti owó díẹ̀ sọ́dọ̀ ẹni tó fọkàn tán, kó sì jẹ́ ibi tí ọkùnrin náà kò ní ronú kàn.

Ní ti ọkùnrin náà, ilé iṣẹ́ agbẹjọ́rò àgbà ìjọba ní ibùdó kan ní Santo Domingo, Centro de Intervención Conductual para Hombres, níbi tí àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ti ń kọ́ ọkùnrin tó ti hu ìwà ipá bí yóò ṣe kápá ara rẹ̀. Ilé ẹjọ́ ló ń fi ọ̀pọ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí arákùnrin òun gbà láti lọ kò gbọdọ̀ sọ fún un pé orí rẹ̀ kò pé, nítorí pé yóò kà á sí èébú, kò sì ní lọ. Kó sọ fún un pé gbèsè ni, àti pé ọkùnrin serio kì í dúró kí wọ́n tó wá gba gbèsè lọ́wọ́ òun.